Ogójì Owó Ẹyọ Tí Mo Mú Nídìí Àtẹ Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ọmọ yín bá wà nítòsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó lọ pọnmi wá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí bàbá ń sọ lójú ọmọ. Èmi sọ tèmi lójú ọmọ méjì, ìyàwó kan, ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo agbo ilé. Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo sì wà nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Ọdún tí àwọn Faransé kọ́kọ́ fi ìwé ka orí wa ní Oko-Àkàrẹ̀ ni. Sọ́jà méjì dé pẹ̀lú ògbufọ̀ kan. Wọ́n ka ènìyàn, wọ́n ka ilé, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ka ewúrẹ́. Ògbufọ̀ wá kéde pé kí olúkúlùkù san owó orí, àti pé kòmándà, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn, kò gba owó ẹyọ. Fránkì ló ń gbà, fàdákà tó ní àwòrán obìnrin lára.

Ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn. Kò bà mí. Èmi ronú, bí ó ti yẹ àgbàlagbà.

Mo pe àwọn ọmọ mi: Abọ́dúndé, tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àti Ìyábùnmi àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ mẹ́rìnlá. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní láti òní lọ, èmi Ògúnkọ̀yà ni yóò máa kọ́ wọn bí a ti ń rí owó, bí a ti ń ṣọ́ ọ, àti bí a ti ń ṣe é tí kì í fi í tán.

Ìyá wọn wà nídìí ààrò. Ó ní, "Bàbá Abọ́dúndé, ta ló kọ́ ẹ̀yin?"

Mo ní, "Ìyà ni."

Ó ní, "Mo rò pé ó ṣì ń kọ́ yín lọ́wọ́ ni."

Olùkọ́ kì í bá ẹni tí ń dáná jiyàn.

Ẹ má jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà bo èyí mọ́lẹ̀: mo kọ́ àwọn ọmọ náà dáadáa. Mo kọ́ wọn láti máa ka owó ní márùn-ún márùn-ún kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n sì máa fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ẹnu a máa gbàgbé. Mo ní ohun tí wọ́n bá lè fọwọ́ ara wọn ṣe, kí wọ́n má rà á. Mo tún sọ fún wọn pé ibi tí ènìyàn ti rí owó àti iye tó rí, kì í ṣe ohun tí à ń sọ kiri.

Abọ́dúndé ní, "Bí ẹni tó béèrè bá jẹ́ àgbà ńkọ́, Bàbá?"

Mo ní, "Àgbà gan-an ni o kò gbọ́dọ̀ sọ fún."

Ó mi orí. Bí ènìyàn bá sọ ọ̀rọ̀ fún ọmọ yẹn, bí ẹni ri òkúta mọ́lẹ̀ ni. Kì í hù, kì í sì í jẹrà.

Kò pẹ́ tí òkìkí mi fi kàn. Àwọn ará agbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí rán ọmọ tiwọn wá jókòó lẹ́bàá ògiri mi nírọ̀lẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹ lọ gbọ́ ti Ògúnkọ̀yà." Mo wá ń rìn bí ẹni tí àpò rẹ̀ wúwo.

Ìyábùnmi ló kọ́kọ́ mú ẹ̀kọ́ náà lò. Àádùn ló ń ṣe. Ó ń yan àgbàdo, ó ń lọ̀ ọ́ kúnná, ó ń pò ó mọ́ epo, ó ń dì í sínú ewé. Oríta tí ọ̀nà ilé wa ti pàdé ọ̀nà Ìkpìnlẹ̀ ló pàtẹ rẹ̀ sí, ó sì bá tirẹ̀ lọ sóko.

Kò sí ẹni tó jókòó ti àtẹ náà. Bí a ti ń ṣe nìyẹn. Olóhun á pàtẹ, á to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà kí ẹni tí ń kọjá lè mọ iye tí à ń tà á, á sì gbé igbá owó sílẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa á mú ọ̀kan, á ka owó ẹyọ tó bá iye òkúta mu sínú igbá, á máa lọ. Òkúta márùn-ún ni Ìyábùnmi tò.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jalè nídìí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú nǹkan kan.

Ẹmu ló fà á. Ṣàngóbíyì ará Másẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà, adẹ́mu ni. Gbogbo ọjọ́ ọjà Ìkpìnlẹ̀ ló máa ń gbé akèrègbè rẹ̀ wá sábẹ́ igi kan tí kò jìnnà sí oríta náà. Igbá ẹmu kan, ogójì owó ẹyọ.

Lọ́jọ́ ọjà kan, mò ń ti oko bọ̀. Oòrùn mú. Mi ò ní owó kankan lọ́wọ́.

Ṣàngóbíyì ní, "Ògúnkọ̀yà, orí ọ̀pẹ ni mo ti ń gbóòórùn ẹmu òní, tí mo sì ń dárúkọ rẹ."

Mo ní, "Mi ò mú owó dání."

Ó ní, "Olùkọ́ owó ni kò mú owó dání?" Ó fi ewé dí ẹnu akèrègbè padà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bo ọmọ tó sùn. "Mi ò lè tà á láwìn fún ọ. Bí o bá kọ̀ tí o ò san, ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

Mo ní ó tọ́. Mo rìn padà dé oríta. Igbá Ìyábùnmi wà níbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀.

Mo dúró, mo ronú. Ta ló bí olówó? Èmi. Ta ló ni oko tí àgbàdo ti wá? Èmi. Ta ló kọ́ ọ tó fi mọ̀ ọ́n ṣe? Èmi náà ni, mi ò sì tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá rí i pé olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àpẹẹrẹ burúkú ló ń fi lélẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí ire ọmọ náà ni mo ṣe na ọwọ́.

Mo ka ogójì. Mo kà á ní márùn-ún márùn-ún. Mi ò fi ẹyọ kan lé e.

Ẹmu náà dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Ní ọjọ́ ọjà kejì, mi ò ronú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà kẹta, mo ti dé ìdí igi kí Ṣàngóbíyì tó dé, èmi ni mo sì bá a sọ akèrègbè kalẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà karùn-ún, Ìyábùnmi wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá rẹ̀ síwájú mi.

"Bàbá, owó mi ń dín."

"Báwo ló ṣe ń dín?"

"Ọgbọ̀n àádùn ni mo gbé lọ. Gbogbo rẹ̀ tà. Àádọ́jọ ló yẹ kí n bá nínú igbá. Àádọ́fà ni mo bá."

"Bóyá o ò kà á dáadáa."

Ó da òkúta rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá owó náà. "Àwọn ẹlẹ́rìí nìyí."

Èmi ni mo kọ́ ọ. Mi ò lè sọ pé òkúta purọ́.

Ó ní, "Ogójì ló ń dín nígbà gbogbo, kì í lé, kì í dín. Ọjọ́ ọjà nìkan. Ìgbà márùn-ún nìyí."

Mo ní, "Olè tó mọ owó kà ni."

"Ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ yín ni, Bàbá. Nínú ilé yìí ló wà."

Mo wo òkè àjà. Ìyá rẹ̀ tí ń fẹ́ná dáwọ́ dúró.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú ni pé Abọ́dúndé ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fìlà. Fìlà tuntun, láti ọjà Pọ́bẹ̀, ó sì máa ń gba oríta yẹn lọ sóko ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo agbo ilé ti fi fìlà wé igbá.

Ẹ̀gbọ́n mi Fábíyì ni baálé wa. Òun ló ń kó epo gbogbo ilé jọ, tí a fẹ́ gbé lọ tà fún òyìnbó kan ní Sakété kí a lè rí fránkì san owó orí. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni orí wọn wà nínú epo yẹn. Kòmándà ti ní ilé tí kò bá san, baálé ilé náà ni òun yóò mú lọ. Fábíyì kò lè rin ọ̀nà jíjìn mọ́. Nínú gbogbo ilé, Abọ́dúndé ló yàn pé yóò fi àpò owó náà kọ́rùn bọ̀. Láti ọjọ́ tó ti yàn án ni ọmọ náà ti ń rìn bí ẹni tó ga sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí i kó ga.

Fábíyì pe ìpàdé sí iwájú ilé.

Ó ní, "Abọ́dúndé, fìlà yìí, èló lo rà á?"

"Igba ni, Bàbá àgbà."

Àwọn kan ń fi ìka kà á. Ogójì lọ́nà márùn-ún. Igba.

"Níbo lo ti rí igba?"

Abọ́dúndé wo ilẹ̀. "Mi ò lè sọ, Bàbá àgbà."

"Kí ló dé tí o ò lè sọ?"

"Bàbá mi ní kí n má sọ fún àgbà."

Gbogbo orí yí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Kò ju "Èmi ni" lọ. Mo ronú nípa rẹ̀. Mo tún ronú nípa àwọn ọmọ tí ń jókòó lẹ́bàá ògiri mi, àti àwọn bàbá wọn tí wọ́n ń fi orúkọ mi bá wọn wí. Mo la ẹnu.

Mo wúkọ́.

Kì í ṣe ikọ́ lásán. Ikọ́ bàbá ni, irú èyí tí à ń wú bí ẹni pé a mọ nǹkan nípa ọmọ wa tí ojú ń tì wá láti sọ. Mi ò wú irú rẹ̀ rí. Mi ò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n wú.

Fábíyì mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó tó. Ní ọjọ́ karùn-ún òní, yóò wá fẹnu kan irin Ògún níwájú wa. Bí kò bá mú owó náà, irin kò ní ṣe é ní nǹkan kan."

Ìyàwó mi ní, "Bí irin ò bá ṣe é ní nǹkan, ṣé òun náà ni yóò gbé àpò lọ sí Sakété?"

Fábíyì fa irùngbọ̀n. "Ìyàwó wa, ẹni tí a ti mú búra nítorí owó, a kì í tún fi owó kọ́ ọ lọ́rùn. Irin lè dá a sílẹ̀. Ẹnu ayé kì í dá ènìyàn sílẹ̀."

Abọ́dúndé kò wo Fábíyì. Èmi ló ń wò. Ó ṣí fìlà náà, ó ká a sí méjì, ó fi há abẹ́ apá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyábùnmi ní òun ti so ààlè sí ìdí àtẹ òun.

Bí ẹ bá jẹ́ ará oko, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ààlè. Nǹkan gbígbó, nǹkan fífọ́ ni à ń so kọ́ kí olè lè dà bíi wọn. Ẹni tí kò jí nǹkan á kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni kọjá lábẹ́ igi. Ẹni tó jí, ààlè á mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ta ló bá ọ ṣe é?"

Ó ní, "Ó lágbára, Bàbá."

Mo ní kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn. Ó ti gbé agbada àgbàdo rẹ̀ kaná.

Mo lọ wò ó láti òkèèrè. Ó ta okùn láti ara ọ̀pẹ kan dé èkejì, lórí ọ̀nà gan-an, kò sí bí ènìyàn ṣe lè yà á. Ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán dé ìdí ló so síbẹ̀, pẹ̀lú kùùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa kan. Mo ka ìtumọ̀ wọn fúnra mi láìsí ẹni tó bẹ̀ mí: olè á jẹ tán bí ìgbálẹ̀, á ṣófo bí kùùkù, ilé rẹ̀ á dá bí ti ìgbín yìí. Ti àkísà pupa, mi ò parí rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí pé ọ̀nà mìíràn wà sí oko mi. Ó gba inú àbàtà kọjá, ibi tí amọ̀ dúdú wà, tí ẹsẹ̀ tó bá wọ̀ ọ́ ń ronú kó tó jáde. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ní oko náà, mi ò gba ibẹ̀ rí. Mo wá rí i pé ó ti yẹ kí n mọ àyíká mi.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹrẹ̀ mu mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó mu mí dé orúnkún.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Abọ́dúndé, ibo lẹ ti rí ẹrẹ̀ dúdú báyìí?"

"Mo yà wo àbàtà."

"Kí ló ṣe é?"

"Ara rẹ̀ le."

Ní ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ ọjọ́ ọjà, mo tún gba àbàtà lọ, mo gba àbàtà bọ̀. Mo ń wẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ṣàngóbíyì níwájú ilé. Kò wá ilé mi rí lọ́jọ́ ọjà.

Ó ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ dà? Mo ní kí n wá wò ó bóyá ara rẹ̀ ò yá. Oníbàárà mi gbogbo ọjọ́ ọjà ni, mi ò sì rí i lónìí."

Ìyàwó mi ní, "Ó máa ń ra ẹmu?"

"Igbá kan péré. Kì í gbà á láwìn. Olówó gidi ni."

"Èló ni igbá kan?"

Mo sáré jáde pẹ̀lú omi lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ṣàngóbíyì, ọ̀rẹ́ mi, ṣé àlàáfíà ni?"

Ó ní, "Ogójì ni, Ìyàwó." Lẹ́yìn náà ló wá kí mi.

Ìyàwó mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dúró pẹ́ díẹ̀ ní ẹsẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó wọlé. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí kò sọ ọ́.

Ọjọ́ karùn-ún pé. Fábíyì gbé irin jáde, ó gbé e sórí ewé. Gbogbo ilé ti pé jọ. Abọ́dúndé ti bọ́ aṣọ kúrò léjìká. Mo dúró sí ẹ̀yìn, níbi tí ikọ́ kò ti ní bá mi.

Ìyábùnmi kúnlẹ̀. "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀wọ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó fẹnu kan irin, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé kọjá lábẹ́ ààlè mi lẹ́ẹ̀kan."

Fábíyì ronú. Ó ní, "Kò burú. Ààlè kì í mú aláìṣẹ̀. Ó sì sàn ju irin lọ fún ọmọdé."

Mo ní, "Oòrùn ti ń mú."

Wọn ò gbọ́, tàbí wọ́n gbọ́.

A dé oríta. Fábíyì ló kọ́kọ́ kọjá, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sọ ọ́ di eré, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ọ̀kan fò, ó fi orí kan ìgbálẹ̀. Ìyàwó mi kọjá láìwo òkè. Abọ́dúndé kọjá, ó yí padà, ó tún kọjá, ó wá dúró ní apá ọ̀hún, ó kọjú sí mi.

Ó ku èmi.

Fábíyì ní, "Ògúnkọ̀yà, máa bọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gún gún mi lẹ́sẹ̀."

"Máa bọ̀, a ó bá ọ yọ ọ́ níhìn-ín."

"Ẹ jẹ́ kí n dúró ní apá ibí, kí n máa bá Ìyábùnmi ṣọ́ àtẹ."

Ìyàwó mi ní, "Ẹ ti ṣọ́ ọ tó."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Fábíyì fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ti ẹni tí kò fẹ́ kí ará ọ̀nà gbọ́. "Ẹsẹ̀ ta ni èyí, Ògúnkọ̀yà? Láàárín gbogbo wa, ta ló ń gba àbàtà lọ sóko nígbà tí ọ̀nà wà?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ àbàtà wa, inú èékánná ló ń gbé. Ààlè kò tíì fọwọ́ kàn mí. Ẹsẹ̀ mi ló ti rojọ́ tán.

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀nà. Mo ní, "Èmi ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn rárá, bí mo ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló fi pẹ́.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyábùnmi ti ń tú okùn lára ọ̀pẹ.

Fábíyì ní, "Má fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Ẹni tó bá ọ so ó ló gbọ́dọ̀ tú u."

Ó ní, "Èmi ni mo so ó, Bàbá àgbà. Ìgbálẹ̀ ìyá mi ni. Oníṣègùn tí mo kọ́kọ́ lọ bá ní kí n mú àkùkọ kan àti irínwó wá. Mo wá rò ó pé ohun tí mo bá lè fọwọ́ ara mi ṣe, Bàbá mi ní kí n má rà á."

Fábíyì wo ọmọ náà. Ó wò mí lórí ilẹ̀. Ó ní, "Ògúnkọ̀yà, o kúkú mọ̀ ọ́n kọ́ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ̀rín náà pẹ́. Èmi náà ì bá rín díẹ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn wà lẹ́nu mi.

Abọ́dúndé kò rẹ́rìn-ín. Fábíyì bi í pé níbo ló ti wá rí owó fìlà. Ó wò mí. Ó ń dúró de àṣẹ. Mo ní kó sọ ọ́.

Ó ní, "Òkété ni mo ń dẹ. Mo ń tà á ní Pọ́bẹ̀."

Ó wá súnmọ́ ibi tí mo wà. Ó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù má bàa gbọ́. Ó ní, "Bàbá, owó Ìyábùnmi lẹ mú. Orúkọ mi lẹ fi san án."

Mo wá ẹ̀fẹ̀ kan tí mo lè fi dáhùn. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wá a tí mi ò rí.

Ìdájọ́ Fábíyì kò pẹ́. Igba tí mo mú, kí n dá a padà ní irínwó. Nígbà tí mi ò ti ní in, kí n máa pa ẹ̀kùrọ́ fún Ìyábùnmi títí yóò fi pé. Iṣẹ́ obìnrin àti ọmọdé ni ẹ̀kùrọ́ pípa lọ́dọ̀ wa. Mo jókòó síwájú ilé, òkúta kan lábẹ́, òkúta kan lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tí ń kọjá lọ pọnmi á dúró. Wọ́n á ní, "Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ń jẹ́ wọn. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Àwọn ọmọ agbo ilé kò dẹ́kun wíwá sẹ́bàá ògiri wa nírọ̀lẹ́. Ìyábùnmi ló ń kọ́ wọn. Wọ́n máa ń jẹ́ kí èmi náà gbọ́, bí mo bá ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ka irú ìtàn báyìí ń retí kí n sọ ohun tí ó yẹ kí ẹ rí kọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ku ti Sakété. Fábíyì ní, "Àpò á wà lọ́rùn ọmọ. Epo á wà lórí bàbá." Bí a ti ṣe lọ nìyẹn, Abọ́dúndé níwájú pẹ̀lú ìkòkò kékeré, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò ńlá, epo ń kán sí mi léjìká. Kò bá mi sọ ju "Ẹ rọra, gbòǹgbò wà níbí" lọ ní gbogbo ọ̀nà.

A pàdé àwọn arìnrìn-àjò kan. Wọ́n ní, "Ẹ kú ọ̀nà, Bàbá. Ọmọ yín nìyí?"

Mo ní, "Èmi ni alárù rẹ̀."

Abọ́dúndé kò yí padà. Mo rí i tí etí rẹ̀ mì díẹ̀, ó lè jẹ́ atẹ́gùn.

Ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, akọ̀wé ibẹ̀ wọn epo, ó ka fránkì sórí tábìlì wàràwàrà, ó sì gbá a jọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Abọ́dúndé kò sọ ọ́ sápò. Ó tò ó ní márùn-ún márùn-ún níwájú akọ̀wé, láìkánjú.

Ó ní, "Ó ku ọ̀kan, ọ̀gá."

Akọ̀wé wò ó. Ó wo èmi, ó rí epo lára mi, ó rí i pé mi ò ní ràn án lọ́wọ́. Ó fi fránkì kan lé e.

Nígbà tí à ń bọ̀, a sinmi létí odò kan. Ó rẹ̀ mí, mo sùn lọ lábẹ́ igi lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tí mo jí, mi ò rí Abọ́dúndé. Àpò ni mo rí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, okùn rẹ̀ ká lé e lórí. Mo ń gbọ́ omi níhà odò, ọmọ náà ń wẹ̀.

Mo dìde jókòó. Mi ò mọ ibi tí ó yẹ kí n gbé ọwọ́ mi sí. Mo gbé e sórí orúnkún, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wá jókòó lé ọwọ́ náà. Ọkùnrin kan ń kọjá, ó rọra ń wo àpò náà. Mo ní kó máa lọ, mo ní ojú wo ló fi ń wo nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó lọ. Mo ń làágùn ju ìgbà tí mo ru epo lọ, mo sì ń bẹ odò náà pé kó jẹ́ kí ọmọ mi tètè wẹ̀ tán.

Ó dé, omi ń kán lára rẹ̀. Ó jókòó níwájú mi, ó tú okùn, ó da fránkì sórí aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á lójú mi. Márùn-ún. Mẹ́wàá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mi ò bínú. Mò ń bá a kà á nínú, títí ó fi tán.

Ó ní, "Ó pé."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó ń da á padà sínú àpò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Èmi náà ní láti mọ̀, Bàbá."